Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Jáwọ́?

Obìnrin tó bá lóyún nílẹ̀ Yorùbá kì í pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbín. Ìyá ọkọ lè sọ ọ́, ìyá aláta ẹnu ọ̀nà lè sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n tí kò tíì bímọ rí pàápàá lè sọ ọ́: "Má jẹ ìgbín o, kí ọmọ má lọ máa da itọ́." Wọ́n á tún ní kó má rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, bí ìrìn náà bá di dandan, kó fi pín-ìn-nì há aṣọ rẹ̀ lápá ibi ikùn. Bó bá bèèrè ìdí, ìdáhùn ti wà lẹ́nu: ìgbín a máa yọ̀, a máa da itọ́, ohun tí ìyá bá sì jẹ ni ọmọ yóò jọ. Ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ bèèrè. Wọ́n á fi ìgbín sílẹ̀ títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ inú dán ọ̀rọ̀ àgbà wò.

Ìgbín tí a fọ̀ dáadáa, tí a sì sè jinná, kò ní ohun tí yóò fi ṣe aboyún. Amúaradàgbà ló kún inú rẹ̀, ó sì ní èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Láti ibẹ̀, ó rọrùn kí ọ̀mọ̀wé fò sórí ìdájọ́ pé àìmọ̀kan lásán ni gbogbo èèwọ̀ aboyún. Èmi ò fara mọ́ ìdájọ́ yẹn, ohun tí wọ́n rí ní Fiji sì wà lára ìdí rẹ̀.

Ní erékùṣù Yasawa, ní orílẹ̀-èdè Fiji láàárín agbami òkun Pàsífíìkì, aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í jẹ ekurá, ìyẹn ẹja ṣáàkì. Wọn kì í jẹ ìjàpá òkun, wọn kì í sì í jẹ irú ẹja gígùn kan bí ejò tó máa ń sá pamọ́ sínú ihò àpáta. Àwọn olùwádìí méjì, Joseph Henrich àti Natalie Henrich, lọ ṣe ìwádìí láàárín wọn, wọ́n sì bi àwọn obìnrin náà léèrè ìdí. Àwọn kan ní bí aboyún bá jẹ ekurá, ara ọmọ yóò rí ṣákaṣàka bí awọ ẹja náà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ìdí kankan í sọ. Àgbà ló ní kí wọ́n má jẹ ẹ́. Irú ìdáhùn tiwa gan-an nìyẹn: ìgbín ń da itọ́, ọmọ á da itọ́, awọ ekurá le, awọ ọmọ á le.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi àwọn ẹja tó jẹ́ èèwọ̀ wé àwọn ẹja tó máa ń ní májèlé nínú, wọ́n bá ara wọn mu. Májèlé kan wà tí wọ́n ń pè ní ciguatera. Lára ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló ti ń wá, lórí àpáta inú òkun. Ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, májèlé á sì máa ṣù jọ sára èyí tó tóbi jù. Ẹni tó bá jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ á bì, á ya ìgbẹ́ gbuuru, ètè àti ìka ọwọ́ rẹ̀ á kú tí kò ní mọ nǹkan lára mọ́, omi tútù á máa jó o bí omi gbígbóná. Ó lè ṣe ọmọ inú léṣe. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2010, ìṣirò wọn fi hàn pé èèwọ̀ yìí ń dín ewu májèlé ẹja kù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 fún aboyún, àti nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 fún ìyá ọlọ́mú. Àwọn tó ń pa á mọ́ kò mọ orúkọ májèlé náà. Ìdí tí wọ́n ń sọ kò sì tọ̀nà. Síbẹ̀ èèwọ̀ náà ń dáàbò bò wọ́n.

Ẹni tó wà nínú ilé kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín èèwọ̀ Fiji àti èèwọ̀ ìgbín. Obìnrin kan ṣoṣo lè bímọ mẹ́ta tàbí márùn-ún láyé rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè fi ìwọ̀nba oyún yẹn mọ oúnjẹ wo ló léwu. Ìlú ńkọ́? Ìlú ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oyún. Ọmọdé tó bá gba ọ̀rọ̀ àgbà láìbèèrè ìdí ń gbé lórí ìrírí ọ̀pọ̀ òkú tí kò mọ̀ rí, ó sì bọ́gbọ́n mu kó ṣe bẹ́ẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà kan náà tí ìrírí tòótọ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni àṣìṣe ń gbà, ọ̀nà yẹn náà sì ni ohun tí àwọn kan gbé kalẹ̀ fún àǹfààní ara wọn ń gbà.

Ẹ wo ti ẹyin. Títí di bí àná ni wọ́n ń sọ fún ọmọdé nílẹ̀ wa pé ẹni tó bá ń jẹ ẹyin ní kékeré yóò di olè. Ẹyin nígbà náà, adìẹ ọ̀la ni. Adìẹ ìbílẹ̀ kì í yé ẹyin púpọ̀, ẹ̀mí ọmọ á sì máa fà sí i. Èèwọ̀ yẹn dáàbò bo agọ́ adìẹ, ó sì dáàbò bo àwo àgbàlagbà; ọmọ tó ń dàgbà, tí ara rẹ̀ ń wá amúaradàgbà, ni kò rí nǹkan gbà níbẹ̀. Lónìí, ó ṣòro láti rí ìyá kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí yóò fi olè dẹ́rù ba ọmọ nítorí ẹyin. Oko adìẹ dé, ẹyin pọ̀ lọ́jà, nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́ lọ́jọ́ àyẹ̀wò ọmọ, olùkọ́ ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Ìjọba kò ṣe òfin kankan. Ìdí tó fi rọrùn bẹ́ẹ̀ ni pé ìyá lè se ẹyin nínú ilé ara rẹ̀, kó bó o fún ọmọ rẹ̀, kó má sì sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá gbà kó tó ṣe é.

Àwọn àṣà mìíràn wà tí ẹnì kan kò lè dá fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti dàgbà á rántí pé ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà láyé òyìnbó, títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí gbogbo wa yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ká ní awakọ̀ kan ti mọ̀ ní 1970 pé ọwọ́ ọ̀tún ló dára jù, tó sì dá nìkan bọ́ sí i lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ọjọ́ náà ni wọn ì bá sin ín. Ìmọ̀ rẹ̀ kò lè gbà á, àfi kí gbogbo ọkọ̀ yà pọ̀. Àṣà tó jẹ mọ́ ìgbéyàwó ló sábà máa ń rí báyìí, nítorí ìdílé kan kò lè dá ṣe ìgbéyàwó.

Ní Ṣáínà, fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, ìyá ló ń di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bí ọmọ bá ti pé ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, wọ́n á rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú omi gbígbóná, wọ́n á gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá á ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́rin kéékèèké wọ abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, á fi àtàǹpàkò nìkan sílẹ̀, á wá fi ọ̀já gígùn wé ẹsẹ̀ náà pinpin, á sì fi abẹ́rẹ́ rán etí ọ̀já kí ọmọ má baà tú u lóru. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, á tú u, á fọ ẹsẹ̀, á tún dì í, èyí á le ju ti àkọ́kọ́. Wọ́n á ní kí ọmọ dìde kó rìn, kí ìwúwo ara rẹ̀ lè bá wọn ṣẹ́ àwọn ìka náà. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, egungun àárín ẹsẹ̀ á tẹ̀ títí gìgísẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ á máa kẹ̀, ìka mìíràn á já bọ́, oró á wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan, wọ́n á sì kú. Ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé ń yìn kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, èyí tó lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin.

Ìyá tó ń fa ọ̀já náà mọ bó ṣe ń dùn tó. Lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ́ ló dúró sí tó ń di ti ọmọ. Mo rò pé ibí yìí ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àṣà burúkú ti bẹ̀rẹ̀, kó tó pe àwọn tó ń ṣe é ní òǹrorò. Alárinà tó bá wá fẹ́ ìyàwó á bèèrè bí ẹsẹ̀ ọmọ ṣe rí kó tó bèèrè nípa ojú rẹ̀. Ìyá tó bá ṣàánú ọmọ rẹ̀ lónìí, tí kò dì í lẹ́sẹ̀, ń fi í sílẹ̀ fún ẹ̀sín àti àìrílé-ọkọ lọ́la, ní àdúgbò tó jẹ́ pé gbogbo ọmọ tó kù ló ní ẹsẹ̀ kékeré. Àwọn onímọ̀ mìíràn, bíi Laurel Bossen àti Hill Gates, ti fi kún un pé iṣẹ́ ọwọ́ wà nídìí rẹ̀: ọmọ tí kò lè sáré á jókòó ran òwú fún ilé, nígbà tí aṣọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sì wọ ọjà, èrè ìjókòó yẹn dín kù. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀ iṣẹ́ nìkan kò tó láti ṣàlàyé bí àṣà náà ṣe yára wó nígbà tí àkókò rẹ̀ tó.

Òfin ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbìyànjú. Ní 1664, ọba Kangxi fòfin de ẹsẹ̀ dídì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé òfin náà kúrò, nítorí kò sẹ́ni tó pa á mọ́. Àṣà náà tún fi ọ̀rúndún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà fara jọ àdéhùn àárín ẹbí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà bíi Kang Youwei, àti àwọn àjòjì bí Alicia Little tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Shanghai ní 1895, ń kó àwọn ìdílé jọ láti jọ búra. Ìbúra náà lápá méjì: a ò ní di ẹsẹ̀ ọmọ wa obìnrin, a ò sì ní jẹ́ kí ọmọ wa ọkùnrin fẹ́ obìnrin tí wọ́n di lẹ́sẹ̀. Apá kejì yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ìyá tó bá tẹ̀lé ìbúra kò ní bẹ̀rù mọ́ pé ọmọ òun kò ní rí ọkọ, torí àwọn ọmọkùnrin tí yóò fẹ́ wọn ti wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ní 1902, Ọbabìnrin Cixi pàápàá gbé ìkéde jáde lòdì sí ẹsẹ̀ dídì.

Ní agbègbè Dingxian, ní àríwá Ṣáínà, wọ́n ṣe ìwádìí tó jẹ́ ká mọ bó ṣe lọ. Ní 1889, bí 99 nínú 100 ọmọbìnrin ni wọ́n ń dì lẹ́sẹ̀. Ní 1899, ó ṣì jẹ́ 94. Nígbà tó fi máa di 1919, ó kù díẹ̀ kó má sí rárá. Ìyá tí wọ́n di lẹ́sẹ̀ bí ọmọ tí wọn kò dì lẹ́sẹ̀, ó parí. Ohun tí ẹgbẹ̀rún ọdún kọ́, ìran kan ló wó o.

Ní 1996, onímọ̀ ìṣèlú ará Amẹ́ríkà kan, Gerry Mackie, kọ̀wé pé bí a bá lóye bí ẹsẹ̀ dídì ṣe parí, a ó lóye bí ìdábẹ́ obìnrin ṣe lè parí ní Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá.

UNICEF sọ ní 2024 pé àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n ti dá lábẹ́ láyé lé ní mílíọ̀nù 230. Nílẹ̀ Yorùbá, olóòlà ló ń ṣe é, lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ìkókó, òun kan náà tó ń kọ ilà fún ojú. Ìdí méjì ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọbìnrin tí wọn kò dá lábẹ́ yóò máa sáré ọkùnrin kiri. Èkejì ni pé bí orí ọmọ bá kan idọ́ ìyá rẹ̀ nígbà ìrọbí, ọmọ náà yóò kú.

Ìdí kejì yìí ṣeé fi ìṣirò wò, wọ́n sì ti wò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ lé obìnrin tó lé ní 28,000 tó wá bímọ ní ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Nàìjíríà wà nínú wọn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2006. Wọ́n fi ọmọ àwọn tí wọ́n dá lábẹ́ wé ọmọ àwọn tí wọn kò dá lábẹ́. Ewu kí ọmọ kú nígbà ìbí tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀ fi ìdá 15 nínú 100 ga jù lára àwọn tí wọ́n gé idọ́ wọn nìkan. Ó fi ìdá 32 ga lára àwọn tí wọ́n gé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ìdá 55 ga lára àwọn tí wọ́n gé tí wọ́n sì rán pọ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n dá lábẹ́ tún ń ta ẹ̀jẹ̀ jù lẹ́yìn ìbímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì ń lò jù láti gbẹ̀bí wọn. Àṣà tí wọ́n ní ó ń gba ẹ̀mí ọmọ là ló ń pa ọmọ. Ó wù mí kí gbogbo agbẹ̀bí tó wà láyé mọ èyí sórí.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyá ti gbọ́ pé ó léwu, wọ́n gbà pé ó léwu, wọ́n sì tún gbé ọmọ lọ. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ti wà láti 2015, ó sì sọ ìdábẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Òmíràn á ní òun kò ní gbé e fún olóòlà, á wá nọ́ọ̀sì lọ pé kó fi abẹ tó mọ́ ṣe é. Ọ̀bẹ tó mọ́ lè dín kíkẹ̀ kù. Ohun tó gé kò lè hù padà.

Fi èyí wé ilà ojú. Olóòlà kan náà, abẹ kan náà, ìdílé kan náà, ìgbà ìkókó kan náà. Ilà ń sọ ìlú ẹni, ó ń sọ ìdílé ẹni, ó ṣe pàtàkì gan-an láyé ogun àti oko ẹrú tí èèyàn lè sọnù sí ìlú ọ̀nà jíjìn. Lónìí, ọmọ tí wọ́n kọ ilà fún ní ìgboro ṣọ̀wọ́n. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 fòfin dè é, ṣùgbọ́n kí òfin yẹn tó dé ni ilà ti ń kú lọ, nítorí ilé-ìwé, nítorí ìrìn-àjò, nítorí àwọn ọmọ tó ń fi ojú àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló dé tí ọ̀kan lọ tí èkejì dúró?

Èrò tèmi ni pé ojú wà níta. Níbi ìsọmọlórúkọ, gbogbo àlejò ló ń rí i pé ojú ọmọ yìí dán. Bí ìdílé mẹ́ta bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò, ìdílé kẹrin ti mọ̀ pé òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣe é. Ìdábẹ́ wà nínú aṣọ. Bí ìdílé ogún bá ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ní àdúgbò kan, ìdílé kọkànlélógún kò mọ̀. Ó ṣì rò pé òun nìkan ni yóò dá yàtọ̀. Ìtìjú tó yí ọ̀rọ̀ abẹ́ ká kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ síta. Báyìí ni àṣà ṣe lè wà láàyè ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn inú rẹ̀ kò ti fẹ́ ẹ mọ́.

Wọ́n ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, wọ́n tilẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ní Riyadh, olú-ìlú Saudi Arabia, olùwádìí kan, Leonardo Bursztyn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọ̀dọ́ ọkùnrin tó ti gbéyàwó jọ, wọ́n bi wọ́n ní ìkọ̀kọ̀ bóyá ó tọ́ kí obìnrin ṣiṣẹ́ níta. Ó lé ní 8 nínú 10 tó ní ó tọ́. Wọ́n tún ní kí wọ́n sọ iye àwọn yòókù nínú yàrá tí wọ́n rò pé yóò gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ sì fojú kéré iye náà. Ẹ rò ó wò: àwọn ará àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ jókòó sínú yàrá náà, wọn ò sì mọ inú ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ iye tòótọ́ fún àwọn kan nínú wọn. Nínú àwọn tí wọn kò sọ fún, 23 nínú 100 ló fi orúkọ ìyàwó wọn sílẹ̀ fún ètò ìwáṣẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún, 32. Ẹnikẹ́ni kò wàásù fún wọn. Ohun tí ọmọnìkejì wọn ń rò nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ní Senegal, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló sọ ohun tó wà nínú wọn síta, láìfi ìwé ìwádìí ṣe é. Ní abúlé Malicounda Bambara, àwọn obìnrin tó ń lọ sí kíláàsì àjọ Tostan, èyí tí Molly Melching dá sílẹ̀, ti kọ́ nípa ìlera àti nípa ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1997, wọ́n dìde níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n ní àwọn kò dá abẹ́ ọmọ àwọn mọ́. Inú bí àwọn abúlé tó yí wọn ká. Wọ́n ní wọ́n tú àṣírí ilé fún àjòjì.

Ìmáàmù àgbàlagbà kan, Demba Diawara ti abúlé Keur Simbara, ló rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ́. Ó ní abúlé kan kò lè dá ṣe é, nítorí àwọn ẹbí tí wọ́n ń fẹ́ra wọn wà káàkiri. Ọmọ tí wọn kò dá lábẹ́ lábúlé yìí, abúlé kejì ni ọkọ rẹ̀ wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti abúlé dé abúlé, ó ń bá àwọn ìbátan rẹ̀ jókòó. Kò gbé àwòrán abẹ́ kankan dání, kò bú àwọn ìyá àgbà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1998, abúlé 13 péjọ sí Diabougou, wọ́n sì kéde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn abúlé mìíràn tẹ̀ lé wọn. Òfin ìjọba dé ní oṣù kìíní ọdún 1999, lẹ́yìn tí àwọn ará abúlé ti ṣáájú. Ìdábẹ́ kò tíì tán ní Senegal. Ní 2019, bí 25 nínú 100 obìnrin ibẹ̀ ni wọ́n ti dá lábẹ́. Àwọn ibi tí àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ṣì pọ̀.

Ẹni tó bá ní àṣà wa kì í yí padà, kó rántí ìbejì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tiwa fúnra wa sọ pé ìgbà kan wà tí ìbejì jẹ́ ohun ẹ̀rù nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń pa wọ́n. Àwọn baba wa kan náà ló wá sọ ìbejì di ẹni òrìṣà, tí wọ́n ń gbẹ́ ère fún èyí tó bá kú, tí ìyá wọn ń jó kiri ọjà tí wọ́n sì ń fún un lówó. Kò sí èèwọ̀ tó yí padà jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yí i padà ṣì jẹ́ Yorùbá.

Níbo la wá dé lórí ìdábẹ́? Ìwádìí ìjọba lórí ìlera sọ pé ní 2013, 25 nínú 100 obìnrin Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni wọ́n ti dá lábẹ́. Ní 2018, ó ti di 20. Láàárín àwọn tó wà ní ọdún 45 sí 49, bí 31 nínú 100. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní ọdún 15 sí 19, bí 14. Ó dà bí ohun ayọ̀, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ayọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà bèèrè nípa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Nínú wọn, iye náà jẹ́ bí 17 nínú 100 ní 2013. Ní 2018, ó jẹ́ 19. Láàárín àwọn obìnrin tó ti dàgbà, gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn ilẹ̀ wa, wà lára ibi tí ó pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti àwọn ọmọdé ni mo máa ń wò, torí pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ń gbógun ti ìdábẹ́ ní Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì ti ń pe àwọn ìlú jọ láti kéde ní gbangba, mo sì gbà pé ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn. Ibi tó kù sí ni ilé. Nọ́ọ̀sì máa ń bá ìyá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò oyún, ìyá ọmọ á mi orí, á délé, á sì bá ìyá ọkọ tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀. Nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà: nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má fún ọmọ lómi, ìyá àgbà ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, omi á sì wọlé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ nínú ilé kò sí ní kílíníìkì. Àwọn Yorùbá tó wà ní London kò sì jìnnà sí i: láti 2003 ni òfin Bìrìtìkó ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé ọmọ lọ sókè òkun kí wọ́n dá a lábẹ́, síbẹ̀ ìyá ọkọ tó wà ní Ifẹ̀ ń pè lórí fóònù.

Nítorí náà, bí ilé ìwòsàn bá ní àyè, kí wọ́n ní kí aboyún mú ìyá ọkọ rẹ̀ dání wá ní ọjọ́ kan, kí wọ́n fi ìwádìí obìnrin 28,000 yẹn yé e pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Màmá, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ bí orí ọmọ ṣe ń jáde." Kí bàbá ọmọ náà sì má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ ìkómọ, tí gbogbo ẹbí bá pé, tí oyin àti ataare bá ti kárí, ẹnu rẹ̀ ni kó ti jáde pé wọn ò ní dá ọmọ yìí lábẹ́, kí àwọn tó ń bọ̀ wá bímọ lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́ ọ.